Abẹ Tí Kò Kọrin

Ewald Melcher ti búra pé abẹ kankan kò ní kan ojú òun mọ́, àfi èyí tí Alwin, ọmọ òun, bá pọ́n tó sì dára. Ọdún kẹta rèé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ dé àyà, ó ń rì sínú ọbẹ̀ ọ̀dùnkún, àwọn ará ìlú Solingen sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Ẹ̀bá odò Wupper ni ibi ìpọ́nbẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà. Omi ló ń yí òkúta ibẹ̀. Láti kékeré ni Ewald ti ń jókòó sídìí òkúta náà, tí ariwo rẹ̀ ń han mọ́ ọn létí láti àárọ̀ dalẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣì ṣófo. Ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ abẹ fẹ́lẹ́ pọ́n, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, tí yóò fi tín-ín-rín débi pé tí èèyàn bá fi èékánná àtàǹpàkò ta ẹnu rẹ̀, yóò kọrin. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nílé Melcher nìyẹn láti ayé bàbá bàbá wọn. Èyí tí kò bá kọrin, wọ́n á dá a padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Ewald jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń wo ìta. Àwọn ẹyẹ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lórí igi ẹ̀yìn ilé, wọn ò ké. Ẹyẹ pàápàá ti ya ọ̀lẹ. Selma, ìyàwó rẹ̀, sáré wọlé láti ibi tó ti ń bọ́ ewúrẹ́, ó já ìkòkò onífèrè, èyí tó máa ń súfèé tí omi bá ti hó, kúrò lórí iná.

“Bàbá Alwin! Ẹ jókòó ti iná, omi kọfí jó gbẹ!”

“Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló gbà mí lọ́kàn.”

Selma tún sọ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu báyìí, ó sì ń bí Ewald nínú.

Alwin wọlé, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó to abẹ mẹ́ta sórí rẹ̀. Àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ wò ó. Èyí nípọn, irùngbọ̀n líle ni tiẹ̀. Èyí, mo gbẹ́ ẹ dé ìdajì. Èyí ló fẹ́lẹ́ tán. Ẹ mú èyí tí ojú yín bá fẹ́. Tí ẹ ò bá mú ìkankan, mo ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Bremen. Amẹ́ríkà ni mò ń lọ.”

Ewald kò fẹ́ kó lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyí.

“Ẹ mú èyí tó nípọn,” Selma wí. “Ẹ fá igbó yìí kúrò lójú yín, kí ọmọ jókòó sídìí òkúta, kí gbogbo wa sinmi.”

“Alágbẹ̀dẹ wo ni kò lè ṣe èyí tó nípọn? Ṣé igi ni mo fẹ́ fi là ni?”

“Èyí tó dé ìdajì ńkọ́, Bàbá?”

“Ẹ̀rù ló ba ẹni tó dúró sí ìdajì.”

Ó mú èyí tó fẹ́lẹ́. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀. Kò rí àbùkù kankan. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó gbé e súnmọ́ etí, ó fi èékánná ta á. Ó tún ta á. Ó wá gbé e kalẹ̀.

“Ó yadi.”

“Bàbá! Ó kọrin! Mo gbọ́ ọ!”

“Ṣé èmi lo fẹ́ fi ohùn abẹ hàn?”

“Èmi náà gbọ́ ọ,” Selma wí.

“Ìwọ ìyá rẹ̀, kí lo tún fẹ́ sọ yàtọ̀ sí ìyẹn?”

Ojú Alwin pọ́n. “Gbogbo èyí tí ẹ dá padà pátá ni àwọn oníṣòwò ń rà, wọ́n tún ń béèrè sí i. Ẹ ò kàn fẹ́ mi nídìí òkúta yẹn ni. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ tipẹ́, ẹ̀ bá jẹ́ kí n tètè máa bá tèmi lọ.”

“Ohun tí kò dáa ni mi ò fẹ́!”

Alwin dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé àpótí, ó jáde. Kò kó abẹ rẹ̀. Ewald jókòó síbẹ̀ tìbínú-tìbínú títí tó fi gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin tó gba orí afárá kọjá, gbì, gbì, gbì. Selma kọjú síbi iná, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ẹkún yẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú Ewald. Ó ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú abẹ bàbá rẹ̀ jáde, èyí tí kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tó ti búra. Kò sẹ́ni tí kò mọ orin abẹ náà lẹ́bàá odò. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó bá ti ta á, Selma á gbé orí sókè nídìí iná.

“Tẹ́tí sílẹ̀,” ni Ewald wí, “kó o mọ ohun tí à ń pè ní orin.”

Ó fi èékánná ta á nítòsí etí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún ta á, kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n Selma, tó kẹ̀yìn sí i, gbé orí sókè bíi ti àtijọ́.