Bí Àǹtí Dáyámọ́ǹdì Ṣe Pààrọ̀ Èdè Àwọn Onígíláàsì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbede-méjì. Ẹ kà á tán pátápátá kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èpè. Owú ló wà níbẹ̀, ìyẹn sì tó.

1.
Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gé gíláàsì fèrèsé ńláńlá, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Dáyámọ́ǹdì, nítorí pé irin olórí dáyámọ́ǹdì tí wọ́n fi ń fa ìlà sára gíláàsì kì í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Gbọọrọ, obìnrin gíga kan tó máa ń di etí kejì mú tí wọ́n bá fẹ́ gbé gíláàsì. Ẹnì kan ò lè dá gíláàsì ńlá gbé. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé e, débi pé mímí wọn pàápàá ti dọ́gba.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní èdè tiwọn. "Jí" túmọ̀ sí kí a gbé e. "Sùn" túmọ̀ sí kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kí wọ́n lè rí i dì mú, "àna" ni wọ́n ń pè é: tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọ, àfi kí o bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í fi ṣeré, òun ni "ìròyìn." Bí gíláàsì bá ń là lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìlà náà yóò kígbe "Ìròyìn!", gbogbo ọwọ́ yóò sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í du gíláàsì tó ti ń là. Wọn a sá fún un ni.

2.
Ọ̀gá gba òṣìṣẹ́ tuntun kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ èdè wọn tán. Ní ọjọ́ kan tó ń gbá àfọ́kù, ó gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó ní, "Lámèyítọ́ nìyí o! Kò sí àṣìṣe kékeré tí kì í rí."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Gbọọrọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìgbálẹ̀ mọ́.

Ẹ fiyè sí i: Àǹtí Dáyámọ́ǹdì, pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀, kò dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ rí tí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé.

Ó bi Gbọọrọ pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó dùn o! Àbí kò pa ìwọ lẹ́rìn-ín?"

"Èmi? Eyín ló ń dùn mí."

3.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ èdè wa, jàre. Ẹni àná ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán." Wọ́n rò pé eré ni. "Ìròyìn" di "àlejò." Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín mọ ìyẹn, wọ́n tún sọ ọ́ di "òjò." Àǹtí Dáyámọ́ǹdì sì ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn sí ọ̀rọ̀ àtijọ́, "Ọmọ Jẹ́lé" ni wọn yóò máa pè é títí wọn yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Gbọọrọ gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó dáhùn sí "sùn." Wọ́n kọrin Ọmọ Jẹ́lé fún un títí omijé fi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó wí lẹ́yìn náà, "àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ò burú. Ṣùgbọ́n fi ìròyìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn kì í ṣe eré."

"O ti ń gbèjà rẹ̀, àbí? Lọ bá a gbé gíláàsì nígbà náà, kí èmi máa wò yín."

Gbọọrọ padà lọ di etí kejì gíláàsì mú.

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì gbé gíláàsì ńlá kan tí wọ́n fẹ́ fi síwájú ilé ìtajà. Ẹlẹ́rìn-ín ń palẹ̀ ọ̀nà mọ́ fún wọn. Òun ló kọ́kọ́ rí i: ìlà tín-ín-rín kan yọ ní igun ìsàlẹ̀, ó sì ń sáré lọ sí ọwọ́ Gbọọrọ.

"Ìròyìn! Ẹ̀yin àǹtí, ìròyìn!"

Gbọọrọ kò fi í sílẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó ń tọrọ ìyọ̀ǹda. Àǹtí Dáyámọ́ǹdì yínmú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń yínmú náà, ọwọ́ tirẹ̀ ti já gíláàsì sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn ti gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì mọ̀ pé olúwa rẹ̀ ń jowú. Gbogbo ìwúwo gíláàsì yí sọ́dọ̀ Gbọọrọ. Gíláàsì náà fọ́ sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì bọ́ lé e lọ́rùn ọwọ́.

Gèlè Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n fi di ẹ̀jẹ̀ náà.

5.
Dókítà rán ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n iṣan ti gé. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún Gbọọrọ kò lè di nǹkan mú mọ́. Àǹtí Dáyámọ́ǹdì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ó ń là lóòótọ́."

"O mọ̀," Gbọọrọ dáhùn. "Ọwọ́ rẹ mọ̀. Èmi náà gbọ́ ọmọ yẹn ketekete. Ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ rẹ ló bà mí ju ẹ̀rù gíláàsì lọ."

Ó yí ojú sí ara ògiri.

Ọ̀gá dá gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ padà. Kò lé Àǹtí Dáyámọ́ǹdì. Kò tilẹ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n tó bá di etí gíláàsì mú, tó ní "Jí," kò sẹ́ni tó ń wá di etí kejì. Oníkálukú á rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn. Dígí kéékèèké tí ènìyàn lè dá gbé ló kù tó ń gé, níwájú ògiri, ní òun nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín. Kò burú kí ẹ ní èdè ìkọ̀kọ̀ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ fi pa ara yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ara yín, ẹ má fi ti ẹnikẹ́ni síta. Bí owú bá sì ń jẹ yín nítorí ẹ̀rín tí ọ̀rẹ́ yín ń bá ẹlòmíràn rín, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sọ fún un pé ó dùn yín. Ojú lè tì yín díẹ̀. Ojú títì ò gé ẹnikẹ́ni níṣan.