Páìpù Epo Ọkọ̀ Bàbá Hezekiah

Hezekiah wa Pijó àtijọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bámigbóyè, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kabba. Páìpù epo ọkọ̀ náà ti jẹrà, epo sì ń kán sílẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí Iffe lọ gbé Cecilia wálé.

Cecilia ni ìyàwó Bámigbóyè. Ó ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bámigbóyè kí i, "Okun o, Bàbá. Mo gbọ́ pé Emmanuel, ẹ̀gbọ́n Cecilia, yà sọ́dọ̀ yín láàárọ̀. Irú àna wo ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi tí kò kí mi? Àbí ẹ̀rù ń bà á pé n óò ní kó ra ọtí ìkómọ?"

"Ó ń kánjú."

"Ọmọ ń kọ́?"

"Ọmọ wà dáadáa. Obìnrin ni. Páìpù wo lo ní?"

Bámigbóyè kó oríṣi mẹ́ta jáde. "Ike funfun yìí, ẹ ó máa rí epo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru á mú kó gan, á sì sán. Rọ́bà dúdú yìí yá láti fi sí, àmọ́ ti omi ni. Epo á mú kó wú. Kọ́pà ló lálòpẹ́. Títẹ̀ rẹ̀ ló gba sùúrù."

"Èwo ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà?"

"Kọ́pà ni o. Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ tó gbé òkú kọjá lọ́jọ́sí, tó so màrìwò síwájú? Rọ́bà omi ni wọ́n fi sí i. Ó kú sójú ọ̀nà, òkú sì ń yá oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́." Ó rẹ́rìn-ín.

Hezekiah kò rẹ́rìn-ín. "Fi kọ́pà sí i."

Bámigbóyè rọra tẹ kọ́pà náà, ó fà á gba abẹ́ ọkọ̀, ó sì dè é pinpin. Nígbà tó dìde, ó yọjú sínú ọkọ̀.

"Ẹ ti yọ àga ẹ̀yìn. Ibo ni Cecilia yóò jókòó?"

"Yóò dùbúlẹ̀."

"Ẹ kú làákàyè. Wọ́n ní ìrọbí náà le." Ó wọlé lọ mú ẹní tuntun, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ dáadáa. "Ẹ jẹ́ n bá yín lọ."

"Dúró sílé. Àwọn àgbà ilé ń bọ̀ wá bá ọ."

"Ti orúkọ ọmọ ni?"

Hezekiah yí kọ́kọ́rọ́.

Bámigbóyè ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà títí tó fi yí kọ́nà. Níbẹ̀ ni ìró náà ti dákẹ́. Ó ní páìpù ti dójú ti òun. Ó gbá sípánà àti kọ́pà tó ṣẹ́kù mú, ó sáré lọ.

Kò sí epo nílẹ̀. Hezekiah dúró níwájú ọkọ̀, ó há àdá mọ́ abíyá, ó ń so màrìwò mọ́ ọkọ̀ náà.