Ìyìn Tí Hansa Kò Kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa fóònù dé. Ẹ kà á tán, ìparí rẹ̀ ló kan gbogbo wa.

1.
Lórí òkè Kumaon ní ilẹ̀ Íńdíà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Saruli. Òun kọ́ ló bí Hansa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Hansa ni, ṣùgbọ́n òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Owó jhula ló fi rán an níwèé. Jhula ni ohun eléérú tó máa ń hù mọ́ ara igi, táwọn èèyàn ń rà fi se ọbẹ̀.

Nígbà tí Hansa dé yunifásítì, jhula yìí náà ló fi ṣe ìwádìí. Ó fún omi rẹ̀, ó kán an sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo gíláàsì, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò sì dàgbà mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó kán an sórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn kankan, ìyẹn náà kú, ó fi hàn pé omi náà lè pa ara tó dá ṣáṣá. Èyí ni kò sọ nílé.

2.
Akọ̀ròyìn kan gbọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà síwèé ìròyìn: "Ọmọ òkè wa rí oògùn jẹjẹrẹ!" Ọ̀gá Hansa ní yunifásítì ní kó pe akọ̀ròyìn náà kó tún un kọ. Hansa ní òun á pè é lọ́la. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la yẹn ò dé títí dòní.

Ìyìn dùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Abúlé so òdòdó mọ́ ọn lọ́rùn. Saruli ń jó láàárín wọn.

"Ẹ ṣáà wò ó! Èmi ni mo fún un ní wàrà mu o! Ẹni tó bá fẹ́ bí irú rẹ̀, kó wá ra màlúù mi!"

Hansa rẹ́rìn-ín, ó tún òdòdó ọrùn rẹ̀ ṣe.

3.
Kókó jẹjẹrẹ kan wà lọ́mú Saruli nígbà yẹn, ó sì ti ń gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù ìsàlẹ̀ òkè. Lọ́jọ́ kan Hansa pè é lórí fóònù.

"Ìyá, ṣé ẹ ti lọ gba abẹ́rẹ́ yín?"

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Irun mi ti re tán, mò ń bì bí aboyún. Ṣé kí n máa jìyà nígbà tí oògùn ọmọ mi wà lórí igi? Mò ń sè é mu láràárọ̀."



"Ìyá, ẹ ṣì lọ rí dókítà náà."

"Ìwọ náà kọ́ ni dókítà mi?"

Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: "N ò rí oògùn kankan." Ojú tì í, kò lè sọ ọ́.

4.
Nígbà tí Hansa délé fún Harela, ọdún ìbẹ̀rẹ̀ òjò, egungun nìkan ló kù lára Saruli. Apẹ̀rẹ̀ harela wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀: ọkà tí wọ́n gbìn sínú yàrá tí oòrùn ò dé, tí àgbà máa ń fi súre fún ọmọ. Hansa kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Inú àwo lásán ló ti ṣiṣẹ́. Kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn."

Saruli wo apẹ̀rẹ̀ náà.

"Bíi harela yìí? Ó ń hù nínú apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè so?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọmọ mi, ò bá ti sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó yé mi kíá."

Ó mú ewé harela díẹ̀, ó gbé e sórí Hansa. "Wàá pẹ́ láyé." Kí ìrẹsì tó gbó lóko, Saruli ti kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá yìn yín fún ohun tẹ́ ẹ ò ṣe, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba ìtọ́jú, ẹ má torí ìròyìn kan sá kúrò ní ọsibítù. Hansa ṣì ń ṣe ìwádìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu láti yìn ín, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Inú àwo ni o." Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti lọ. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko; Hansa pẹ́ kó tó sòótọ́, Saruli ló jìyà rẹ̀.