Ọwọ́ Tí Ó Di Òdòdó Mú

Alájì Muhyideen dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìbèrèkó gbagidi. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọlé.

Apá ọmọ náà ni ó ń wò. Wọ́n fi tàdáwà dúdú àti aláwọ̀ eérú fín eegun ọwọ́ kan sí i, ọwọ́ náà sì di òdòdó mú.

"Abdulqoyyum, ṣé itẹ́ òkú ni mo bí ni? Lọ bó o kúrò."

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fín in, Bàbá. Kò ṣeé bó."

"Màláíkà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ wí lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ Màmá, tí ẹ fi kó gbogbo fọ́tò wọn sínú iná."

Abdulqoyyum na apá náà sí i.

"Fọ́tò eegun ọwọ́ Màmá tí wọ́n yà ní ọsibítù nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Òun ni mo gbé fún ẹni tí ó fín in."

Alájì tẹjú mọ́ ìka kékeré tí ó wọ́ níbẹ̀. Alájì fúnra rẹ̀ ni ó ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ìka náà ní Mórógbó, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sunkún.

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ṣé wọn kò ya ojú rẹ̀ mọ́ ọn ni?"

"Ọwọ́ nìkan ni, Bàbá."