Ìkòkò Aró

Láràárọ̀, Bàbá Ọlọ́nàadé gbọ́dọ̀ ka ohun tí ìjọba kọ nípa ẹrù kọ̀ọ̀kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé wọn, sí etí ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Alábòójútó tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan péré kún un. Ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Fadérera wá láti yunifásítì láti ṣèwádìí ohun tí òfin yìí ń sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ dà.

"Ìkòkò omi rèé," ni bàbá kà.

Fadérera bojú wo inú ìkòkò náà. Ó dúdú minimini, ó sì ń rùn bí ewé èlú. Irú ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ fi ń rẹ aṣọ jẹun. Kó tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti kí bàbá bí wọ́n ṣe ń kí aláró nídìí iṣẹ́:

"Àrẹdú o!"

"Oo o, ọmọ aláró!" Tẹ̀ríntẹ̀rín ni bàbá fi jẹ́ ẹ, kó tó sáré fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ilẹ̀kùn tì fúnra rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan jáde lára ògiri:

"Ẹni méjì ló rántí. Ẹ má kúrò níbẹ̀."