Edé Inú Dígí ní Ìgbògbò

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Súbérù àti Hanifah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ilé wọn ní Ìgbògbò. Hanifah kò gbé nǹkan kan. Súbérù ló gbé àpótí dígí mọ́ àyà, láílọ́ọ̀nù omi kan sì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Edé kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú bí aró, àwọn kan pọ́n bí ọsàn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju èékánná lọ.

Zàíd ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Edé ni."

"Ṣé a máa sè é ni?"

"Dán an wò, ìwọ ni n ó sè."

Ó gbé dígí náà sí pálọ̀, ó da iyanrìn sí i, ó gbin ewé omi sí i, ó sì ki ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn bọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣòfin. Kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn ẹ̀fọn nínú ilé mọ́, nítorí ó ń pa edé. Kí wọ́n má sun tùràrí. Hanifah ni yóò máa tọ́jú wọn, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọṣẹ, kò gbọdọ̀ kan ata, kò gbọdọ̀ kan epo. Zàíd ni yóò máa fọ aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dáná.

"Omi ńkọ́, Bàbá?" ni Hanifah béèrè. "Ta ni yóò máa pọn ọ́n?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ jókòó tì wọ́n. Edé fẹ́ ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́."

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni Súbérù ti fi ẹja pípa jẹun kí ó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé. Abọ́dúnrìn, aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì, yọjú lójú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Zàíd, gbogbo edé tẹ́ ẹ ti jẹ láyé, ṣé ẹ̀san ẹ̀ lẹ̀ ń san fún wọn báyìí?"

"Máa rán aṣọ ẹ."

Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sórí ibùsùn nítorí ẹ̀fọn. Súbérù kò yí òfin rẹ̀ padà.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, Rọ̀kíbátù ti Ẹ̀pẹ́ dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n Súbérù, òun ló sì ń pàṣẹ fún gbogbo ẹbí. Láti ìgbà tí Zàíd ti gbé Hanifah níyàwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni Rọ̀kíbátù ti kéde ní Ẹ̀pẹ́ pé kí wọ́n máa retí ìkómọ. Ìkómọ kankan kò wáyé. Ní báyìí ó ti bá Zàíd wá ìyàwó mìíràn, ọmọ Láwàl oníṣòwò ẹja.

Ó bá Zàíd nídìí ẹ̀rọ omi, tó ń fún ìró ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé, ó bá Hanifah lórí àga nínú jálàbíà gbàgẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, ojú rẹ̀ wà lára dígí.

"Súbérù! Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàbọ̀."

"Ọkọ ń fọṣọ, ìyàwó ń ṣọ́ edé! Ta ló fẹ́ ta nínú ilé yìí?"

"Ọwọ́ tó bá kan ọṣẹ ló ń pa wọ́n."

"Kí wọ́n kú! Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sebẹ̀!"

Hanifah fẹ́ dìde kí ó lè kúnlẹ̀ kí i.

"Jókòó," ni Súbérù wí. "O ó da omi rú."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Ẹ̀pẹ́," ni Hanifah kí i láti orí àga.

Rọ̀kíbátù pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ìyàwó ilé jókòó kí mi!"

"Èmi ni mo ní kó jókòó."

Obìnrin náà sún mọ́ dígí, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Súbérù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò ṣe irú rẹ̀ sí i rí.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Pupa abẹ́ ewé yẹn gbé ẹyin sábẹ́ ikùn. Tí ẹ bá dẹ́rù bà á, á da gbogbo ẹ̀ nù."

"Ẹ ò rí nǹkan! Edé pàápàá ń lóyún nílé yìí!"

Hanifah sorí kọ́. Zàíd, tó ti wọlé, la ẹnu. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì pa á dé.

"Súbérù, gbọ́," ni Rọ̀kíbátù wí. "Da ìranù yìí nù lónìí, kí ìyàwó yìí dìde kó máa ṣiṣẹ́ bí ìyàwó, mo lè ní kí Láwàl ṣì ní sùúrù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá."

"Kò sí yàrá."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ o! Mú ọ̀kan: èmi àbí edé."

"Edé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Rọ̀kíbátù kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó gba ibùdókọ̀ Benson lọ wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Súbérù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ó bá òun kí ará ilé. Nígbà tí ó padà, ó bọ ẹ̀fọ́, ó já ewé kan sínú omi fún àwọn edé, ó sì bu ìyókù fún Hanifah.

Iléyá dé, ó kọjá. Kò sẹ́ni tó ti Ìgbògbò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Rọ̀kíbátù pe Súbérù lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó ránṣẹ́ pé ọmọ Láwàl ti di ẹrù. Súbérù ní kí wọ́n sọ fún un pé kí ó tú u.

Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ Hanifah, kí Rọ̀kíbátù tó jókòó rárá, Súbérù gbé dígí náà lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ní láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé oyún kẹta yìí yóò dúró bí Hanifah bá lè jókòó jẹ́ẹ́, òun kò tíì rí ohun tó sú òun tó edé wọ̀nyẹn.