Ẹni Tó Gbé Àrùn Wọ Kok-Say

Nígbà tí àrùn ẹnu-àti-pátákò bẹ́ sílẹ̀ láàárín àgùntàn àwọn ará òdìkejì odò, Mederbek tó ń yẹ ẹran wò ní ẹnubodè fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn àgbà abúlé Kok-Say. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àrùn yẹn ò ní wọlé. Àwọn àgbà ṣàdúrà fún un. Ilé tí àrùn náà bá wọ̀, ìjọba á pa gbogbo àgùntàn ibẹ̀, á bò wọ́n mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà òtútù ti ń kanlẹ̀kùn.

Mederbek ò gba gbẹ̀rẹ́, torí àrùn lè bá oúnjẹ wọlé. Ó gba sọ́sééjì ẹran ẹṣin lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ tọrọ ìyàwó, ó sọ ọ́ síná lójú wọn. Ó tú àpò bàbá arúgbó kan, ó kó wàrà gbígbẹ tí bàbá ń jẹ lójú ọ̀nà. Àgùntàn tí àwọn darandaran bá dà dé, òun fúnra rẹ̀ á ya ẹnu wọn, á fa ahọ́n wọn wò. Èyí tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, kíá, ó padà síbi tó ti wá.

"Mederbek, o ò ní ya ẹnu tèmi náà wò ni?" awakọ̀ kan bi í.

"Tìẹ kẹ̀? Gbogbo ayé ló ti mọ ohun tó wà lẹ́nu tìẹ. Sọ̀kalẹ̀, kó o fi bàtà tẹ omi apakòkòrò."

Tó bá ti ṣíwọ́, àwọn ará abúlé kì í jẹ́ kó relé tààrà. Ẹni tó ń dáàbò bo agbo wọn ló ń kọjá lọ, ṣé kò ní mu tíì ni? Wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, wọ́n á gbé búrẹ́dì àti bọ́tà wá. Baálé á mú àgbò tó sanra jù jáde, bí àṣà wọn, kí àlejò pàtàkì fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, kó sì súre fún un. Mederbek á súre, á tún ya ẹnu àgbò náà, kó lè fi ibi tí àrùn ti máa ń yọjú hàn wọ́n. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀wù funfun nìkan ni ìjọba fún òun, Kok-Say ló fún òun ní ikùn.

"Bọ́ ẹ̀wù yìí kó o tó máa yà kiri ilé onílé," ni Begimay ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ń rùn bí òbúkọ."

"Tí mo bá bọ́ ọ, ta ló máa mọ̀ pé ọ̀gá ló dé?"

"Ọ̀gá òbúkọ!"

Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á pariwo pé, "Ọ̀gá òbúkọ dé o!"

Àrùn náà wọlé. Agbo Asanaly, ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé, ló kọ́kọ́ mú, kó tó tàn ká. Nígbà tí wọ́n ń kó òkú ẹran sí kòtò, omi bọ́ lójú Mederbek. Ó ní ẹnì kan ló gba ẹ̀yìn òun wọlé, òun á sì tú u láṣìírí dandan.

Dókítà Kanyshay, obìnrin oníṣègùn ẹran tí wọ́n rán wá láti ìgboro, ní kó mú òun yí ká àwọn ilé tí àrùn ti wọ̀. "Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó wọ gbogbo ilé wọ̀nyí," ló wí.

"Ta ló wá síbí, tó fọwọ́ kan ẹran yín?" Mederbek bi Asanaly.

Asanaly ń wo ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó wá."

Nílé kejì, ọkùnrin náà kàn ń da tíì sínú ife. "Ẹ mu díẹ̀ ná."

"Dókítà, ẹ rí wọn?" Mederbek jágbe nígbà tí wọ́n jáde. "Wọ́n mọ onítọ̀hún! Ẹni tó bá ti mu tíì wọn, kódà kó jẹ́ olè, wọn ò ní dójú tì í láéláé."

Ó ku ilé Ìyá Sonunbu, opó tí agbo rẹ̀ ti ṣófo pátápátá. Mederbek jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ̀yin ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi, mo fi Ọlọ́run búra, ojú ẹ̀ máa rí màbo."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, "Ìwọ nìkan ló wá, ọmọ mi, a sì ṣì ń dúpẹ́ pé o yà kí wa."